Àmì Abẹ́ Ìlẹ̀kùn Ọkọ̀ Ostrander

Bí ènìyàn yóò bá ṣubú, ó sàn kó ṣubú nídìí ohun tó nítumọ̀. Ardith Volmer, ẹni ọgọ́rin ọdún, kò ṣubú nínú balùwẹ̀, kò sì yọ̀ lórí yìnyín bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń yọ̀. Orí irin ìgbẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọdún 1913 ló ti já bọ́, níbi tó ti ń fi han Nadine Roush bí àwọn obìnrin ayé ọjọ́un ṣe ń ká yẹ̀rì sókè kí wọ́n tó gun mọ́tò. Ó ká yẹ̀rì lóòótọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì ni kò gbọ́ pé wọ́n ti ń lọ. Ó di ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn mú, òrùka ọwọ́ rẹ̀ sì fa ìlà gbọọrọ lára ọkọ̀ náà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ìdí rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ó tó gba àga méjì láì bẹ ẹnikẹ́ni, ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀ abà. Egungun ìbàdí dáhùn, ó ní "kẹ́!"

"Ṣé o rí i?" ló bi Nadine láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Wọ́n pààrọ̀ egungun náà fún un, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn arúgbó ní ìrìn padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un lanu lẹ́yìn láti ọrùn títí dé ibi tí kò yẹ kí atẹ́gùn dé. "Gbogbo Indiana ló ti rí ìdí mi tán," ló ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, "ó ku gómìnà nìkan." Àwọn nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín, Ardith náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lóṣòó, kò sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ orúnkún, fún oṣù mẹ́ta. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, egungun tuntun yẹn á fò yọ bí ìdérí ìgò bíà. Ìyẹn kò dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Ògọ́ọ̀sì, nítorí ọjọ́ yẹn ni obìnrin kan ń bọ̀ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọkọ̀ wá wo abẹ́ ìlẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Corwin Falls, ìlú rẹ̀, tó mọ̀.

Ostrander ni ọkọ̀ náà. Corwin Falls yìí gan-an ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí gbogbo ìlú kéékèèké ní Indiana rò pé àwọn ló máa di olú-ìlú mọ́tò láyé. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni iléeṣẹ́ náà fi wà. Ọkọ̀ ọlọ́lá ni, ó gùn gbọọrọ, ẹni méje ló ń gbà, iná iwájú rẹ̀ tóbi bí orí màlúù, idẹ sì ni gbogbo ohun tó lè jẹ́ idẹ lára rẹ̀. Mọ́kànlá ló ṣẹ́kù lórí ilẹ̀ ayé. Mẹ́wàá nínú wọn ni wọ́n ti kùn, tí wọ́n tún kùn, títí wọ́n fi ń dán bí eyín olóṣèlú. Ti Ardith nìkan ni kò sẹ́ni tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn láti ọjọ́ tó ti jáde níléeṣẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ, àwọ̀ aró rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n ìlà wúrà tín-ín-rín tó yí ara rẹ̀ ká ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni pé àná ni wọ́n fà á.

Ta ló fa ìlà wúrà yẹn? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Láyé ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀ kan. Wọ́n á kùn ún, á gbẹ, wọ́n á fi ìyẹ̀fun òkúta àti omi fọ̀ ọ́ títí á fi jọ̀lọ̀, wọ́n á tún kùn ún, nígbà mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n á mú búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn, á di èémí rẹ̀ mú, á sì fa ìlà wúrà láti iwájú dé ẹ̀yìn láì dúró. Ìwé ìtàn Ostrander tó wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ sọ pé ọkùnrin mẹ́ta ló ń fà á, ó sì dárúkọ wọn. Àwọn obìnrin, ìwé náà ní, aṣọ àga ni wọ́n ń rán. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ti jóná ní ọdún 1922, kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ṣùgbọ́n Ottilie Fenske, ìyá ìyá Ardith, kò rán aṣọ àga rí. Ọwọ́ òsì ló ń lò, ọwọ́ náà sì dúró bí òpó. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé, tí ọlọ́lá tó ni ọkọ̀ yìí kò rí epo rà mọ́, Ottilie fi ẹlẹ́dẹ̀ méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gbà á, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà. Nígbà tí Ardith pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá àgbà náà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ sí abẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ní apá òsì, ó sì tan àbẹ́là. Níbi tí ìlà wúrà ti parí, lábẹ́ níbi tí kò sí ẹni tó ń wò, ìlà náà ṣẹ́ kọ́rọ́ padà sódì. Nínú kọ́rọ́ yẹn ni lẹ́tà mẹ́ta wà, tó kéré bí ẹsẹ̀ kòkòrò, tí fánníìṣì iléeṣẹ́ sì bò mọ́lẹ̀.

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ mi," ni Ottilie wí. "Ni mo bá kọ ọ́."

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ardith sọ ọ́ níbi ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́ ti Corwin Falls. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni wọ́n, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á tú ìwé ìpolówó ọkọ̀ ayé àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì máa jiyàn lórí oṣù tí iná bátìrì rọ́pò iná onígáàsì bí ẹni ń pín ogún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín. Orval Tibbs, tó ń ta irúgbìn, ní ìyá ìyá tòun náà sọ pé òun nìkan ló la òpópónà Lincoln láti New York dé San Francisco, bàtà rẹ̀ kò sì jẹ. Ardith bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fi ìtìjú gbé e mì. Nígbà tó kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún yìí, ó dákẹ́ bí òkúta. Ẹnu tí kò pa ọ̀rọ̀ kankan mọ́ fún ọgọ́rin ọdún, òun ló wá pa ẹyọ kan ṣoṣo yìí mọ́.

Dókítà Corliss Penhale, obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, fèsì. Ó ní fọ́tò kò tó, pàápàá èyí tí Ardith fi ránṣẹ́, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò rẹ̀ ló gba ìdajì rẹ̀, tí ìyókù sì ṣú. Òun fúnra òun máa wá fi iná àti awò wo ọ̀dà náà lábẹ́ fánníìṣì. Bó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á tún ìwé ìtàn kọ, orúkọ Ottilie Fenske á sì wà lára ògiri, níwájú. Ó fi gègé fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohunkóhun nu ibẹ̀.

Ẹni tí Ardith fún ní kọ́kọ́rọ́ abà nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ ni Delbert Roush, ọkọ Nadine. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ààrẹ ẹgbẹ́ ni, akunmọ́tò tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ardith ló kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, títí di òní Tíṣà ló ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe adájọ́ níbi ìdíje ọkọ̀ àtijọ́. Iṣẹ́ adájọ́ bẹ́ẹ̀ kò le ní sísọ: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún máàkì, adájọ́ á mú tọ́ọ̀ṣì, á máa wá àbùkù, àbùkù kan, máàkì kan. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ojú Delbert kò rí nǹkan mìíràn mọ́. Bó bá wo ìyàwó tuntun, bọ́tìnnì tó já lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí.

"Máa bá mi wo eku," ni Ardith sọ fún un. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ń pè é lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ọkọ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà, Tíṣà. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Eku ńkọ́?"

"Eku kò tó bẹ́ẹ̀. Èrò ti pọ̀ jù fún wọn níbẹ̀."

Ardith rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá a sílẹ̀. Delbert àti Nadine wá gbé e nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n fi tìmùtìmù mẹ́ta sí abẹ́ ìdí rẹ̀. Delbert ń súfèé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin, Nadine sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n yà sí ojúlé, Ardith rí mọ́tò mẹ́wàá níwájú abà rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló pé jọ. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì, páì oníwàrà wà lórí rẹ̀, àti ẹran màlúù pẹ̀lú núdùlù tí wọ́n da lé ọ̀dùnkún gígún lórí. Orval Tibbs ló di ilẹ̀kùn abà mú.

"Ẹ dijú, Àǹtí!" ni Nadine wí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, o ní kí n dijú?"

Ó dijú ṣá. Ó fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń rìn kan ilẹ̀ ko, ko, ko, títí wọ́n fi ní ó tó. Nígbà tó la ojú, apá òsì ọkọ̀ rẹ̀ ló rí. Ó ń dán. Ó dán dé ibi pé Ardith rí ara rẹ̀ nínú ìlẹ̀kùn náà, pẹ̀lú irun tó dìde bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa, pẹ̀lú ẹnu tó ṣí sílẹ̀. Àwọ̀ aró náà dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ìlà wúrà rẹ̀ tọ́ bí ọfà. Ibi gbogbo tó ti sán ti parẹ́.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan súfèé.

"Òrùka yín ló fa á ya nígbà tí ẹ ń ṣubú," ni Delbert wí, ó ń yí ká bí ọkọ ìyàwó. "Mo ní kí n kàn dí ojú ọgbẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ bá fi ọ̀dà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti gbó, àbùlẹ̀ ni. Ni mo bá ní ìlẹ̀kùn kan. Ìlẹ̀kùn kejì bá ń jowú. Gbogbo wa la ṣe é, Tíṣà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Orval fi ìyẹ̀fun òkúta fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un, ìka rẹ̀ bó. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ìdí ọmọ tuntun!"

Nínú ilé ìpàdé wọn, ife kọfí mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń jẹ́ ojúlówó. Delbert ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti kun mọ́tò fún àádọ́ta ọdún kò mọ ìwé kà. Ó rí ọgbẹ́, ó wò ó sàn.

Ardith na ọwọ́ sí irin tó fi ń rìn kó má baà ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ tilẹ̀ ti fẹ́ lọ, egungun tuntun náà sì fi ìrora ta á létí. Ibi tó fẹ́ wò wà nísàlẹ̀ orúnkún. Kò lè rí i. Ó dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ohun tó ti ń ṣọ́ fún ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì di dandan kó béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Delbert. Abẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìlà ti parí?"

Ojú Delbert tàn. "Haa! Mo sọ fún wọn pé ẹ máa béèrè! Ojú yín mú ju ti adájọ́ lọ. Nǹkan kan wà níbẹ̀, Tíṣà. Àbùkù! Ẹni tó fa ìlà yẹn láyé ọjọ́un, bóyá ó ti mutí yó ni o, bóyá ó sín ni o, ìlà náà ṣẹ́ kọ́rọ́ sódì bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, ó tún wá ta ọ̀dà tótòtó sínú rẹ̀. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, kò sẹ́ni tó tún un ṣe! Adájọ́ tó bá tan iná síbẹ̀, máàkì kan ti lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn mi nítorí rẹ̀. Sáńpépà tó rọ̀ jù, omi, àti ìka mi yìí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí."

Omi bọ́ lójú Ardith. Ó fẹ́ fà á padà, kò gbọ́. Ó ń dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ sí àgbọ̀n rẹ̀.

"Mo wí!" ni Orval pariwo. "Mo ní á sunkún! Ta ló bá mi ta tẹ́tẹ́? Nadine, o jẹ mí ní páì kan!"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin méjì ń nu ojú tiwọn náà. Kí ni ènìyàn fẹ́ ṣe? Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ tí ìka wọn bó nítorí rẹ̀? Ardith ṣí ẹnu, "ẹ ṣé" ló jáde. Wọ́n mú un jókòó, wọ́n fi páì sí i lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ ẹ́, Àǹtí, ẹ ti rù."

Ó jẹ ẹ́. Páì náà dùn, ìyẹn ló sì bí i nínú jù lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó túká. Delbert dúró láti pa ilẹ̀kùn abà dé. Ardith ní kó fi í sílẹ̀, kó wá jókòó. Ó sọ ọ́ fún un láti orí dé ìdí: Ottilie, àbẹ́là, lẹ́tà mẹ́ta, lẹ́tà tí Penhale kọ, Sátidé tó jẹ́ ọ̀la. Delbert kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ́ ọn lára pé bí Tíṣà bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró de ẹ̀rín náà. Kò dé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú bí ti ọmọ tí wọ́n ń fún lóúnjẹ.

"Tíṣà, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. O rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ jáde."

"Mo rántí kọfí yẹn," ló wí.

"Ọ̀dà tó o fọ̀ kúrò, níbo lo dà á sí?"

"Inú omi ló wà, Tíṣà. Inú korobá."

"Korobá náà ńkọ́?"

"Mo dà á nù. Lẹ́yìn abà."

Ardith dìde. Ó kan irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ jáde, ó yí abà po, Delbert tẹ̀ lé e láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ibi tí wọ́n da omi náà sí, koríko ló wà níbẹ̀. Ó tutù yọ̀yọ̀ bíi koríko yòókù. Ardith dúró, ó ń wò ó. Ottilie Fenske wà nínú rẹ̀ níbì kan, wúrà díẹ̀, aró díẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n, nítorí ó wò ó pé bí ènìyàn bá rí òun báyìí, wọ́n á ní arúgbó náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá koríko sọ̀rọ̀, ẹ gbé e padà.

"Mo lè dá a padà," ni Delbert wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Ẹ júwe rẹ̀ fún mi. Mo ní búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn. Mo ní wúrà."

Wọ́n wọlé padà. Delbert dojú ìdérí agolo ọ̀dà kan dé orí orúnkún rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ fà kò jọ ọ́. "Ọwọ́ òsì ló ń lò," ni Ardith wí. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ńlá yẹn ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sáyé, òógùn ń kán sórí ìdérí náà. Ó nù ún, ó tún fà á. "Kọ́rọ́ rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. O, F, lẹ́yìn náà lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyá Ottilie, ó jọ ìwọ̀ ẹja." Ó tún un fà. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àyà Ardith já. Àmì náà ló ń wo òun láti orí ìdérí agolo, bó ṣe wo òun nínú iná àbẹ́là.

"Bó ṣe rí nìyẹn?" ni Delbert béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Delbert rọra gbé ìdérí náà sórí ilẹ̀.

"Á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́," ni Delbert wí. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú un gbó. Fánníìṣì aláwọ̀ tíì, ooru díẹ̀, eruku díẹ̀. Mo lè fọ̀ ọ́ títí á fi sán."

"Obìnrin yẹn á mọ̀."

"Bóyá kò ní mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò ní mọ̀?"

Delbert wo ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ògiri," ni Ardith wí, "ìwọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ. Rárá. Nù ún. Máa lọ sílé, Delbert, ìyàwó rẹ ń dúró dè ọ́. Má ṣe é."

"Mo gbọ́, Tíṣà."

Ó nù ún, ó lọ. Ìgbà tó lọ tán ni Ardith mọ̀ pé, ká ní ó bẹ òun lẹ́ẹ̀kan sí i péré, òun ì bá má lè kọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ń gbàdúrà. Ó ti kọ́ ọmọdé ní òfin mẹ́wàá fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó wá jókòó síwájú ife kọfí, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Delbert Roush ti ṣàìgbọràn. Kì í kúkú gbọ́ràn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó fi àkèré sínú àpótí ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ búrẹ́dì oúnjẹ Olúwa tán kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ obìnrin arúgbó ló máa dì í lọ́wọ́? Kọ́kọ́rọ́ abà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ardith kan irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ sí abà, ó dúró níwájú ìlẹ̀kùn náà, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó mú dígí kékeré tó fi ń tọ́ ojú wá, ó so ó mọ́ igi ìgbálẹ̀. Ó rí orúnkún ara rẹ̀. Ó rí táyà. Lẹ́yìn náà dígí já, ó fọ́.

Dókítà Penhale dé ní agogo mẹ́wàá. Obìnrin tó tó ogójì ọdún ni, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó sì gbé àpótí dúdú dání. Delbert ti dé ṣáájú rẹ̀, ó dúró sẹ́bàá ògiri pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ardith wá ojú rẹ̀, kò rí i.

Obìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn abà. Ó wo apá òsì ọkọ̀ náà tó ń dán. Àpótí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Lẹ́tà mi dé ọwọ́ yín?"

"Ó dé, ọmọ mi. Ìwọ ṣáà wò ó."

Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ abẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Iná aláwọ̀ àlùkò tàn lábẹ́ ọkọ̀. Ardith di irin rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ wà lára bàtà obìnrin náà bí ẹni pé bàtà ló máa sọ̀rọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé: ṣé o ṣe é, Delbert? Jọ̀ọ́, ṣé o ṣe é?

"Ọ̀dà tuntun ni, Mà," ni ohùn náà wí láti ìsàlẹ̀. "Ó mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ardith yí sí Delbert. Delbert mi orí. Omi wà lójú rẹ̀.

"Ẹ ní kí n má ṣe é," ló wí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, òní ló gbọ́ràn.

Obìnrin náà jáde, ó jókòó sórí aṣọ tó tẹ́. Delbert sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó tilẹ̀ sọ nípa koríko. Penhale bi wọ́n bóyá ẹlòmíràn rí àmì náà rí. Ọkọ Ardith rí i, ó ti kú. Ìyá rẹ̀ rí i, ó ti kú. Penhale ní fọ́tò yẹn ńkọ́, wọ́n jọ wò ó lórí fóònù, àtàǹpàkò ni, ó gbòòrò, ó sì mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Màá kọ ọ́ sílẹ̀," ni Penhale wí. "Màá kọ pé 'ìdílé sọ pé'."

"Ìdílé sọ pé," ni Ardith wí. "Ìdílé kan náà ló sọ pé bàbá bàbá mi fi ọwọ́ lásán lu béárì."

Penhale rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Ó mú kámẹ́rà jáde. Ó ní, ó kéré tán, kí Mà fi ibi tí àmì náà wà gan-an han òun, kí òun lè lẹ bébà mọ́ ọn, kí òun sì yà á fún ìwé.

"Mi ò lè bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi."

"Màá fi ọwọ́ mi ṣe é," ni Delbert wí. Ó ti dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ó na ìka rẹ̀ sábẹ́ ìlẹ̀kùn. "Ẹ darí mi, Tíṣà."

"Sí òsì. Òsì tìrẹ. Lọ. Ó ti tó."

"Ibí?"

"Sẹ́yìn díẹ̀. Kò jìnnà sí igun tó bẹ́ẹ̀."

Ìka náà ń yọ̀ lórí ọ̀dà, kò sí ibi tó lè dì mú, ó jọ̀lọ̀ jù. Ardith pa ojú dé. Ó rí àbẹ́là. Ó rí ọwọ́ ìyá àgbà, ó gbọ́ òórùn gírísì àti ti ọṣẹ, ó rí kọ́rọ́ wúrà náà kedere pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìlẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá igun, kò rí i. Bó ṣe túbọ̀ ń wá a, èyí tó wà lórí ìdérí agolo ló ń yọ sí i, pẹ̀lú òógùn Delbert lára rẹ̀.

"Ibí, Tíṣà?"

"Síwájú."

"Ibí?"

"Padà... Rárá. Dúró ná."

Penhale gbé kámẹ́rà sójú, ó ń dúró.

"Ibí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Ardith wí. "Delbert, mi ò mọ̀ mọ́."

Ìka náà wà níbi tó wà, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó mú un kúrò.